Eré Ìje Orí Omi Dídì ní Ìtàn Nàìjíríà: Ohun tí Ó Kan Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Láti ọdún 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, ọyẹ́ ni òtútù tí wọ́n mọ̀. Ó lè dà bí ẹni pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ìpín kankan nínú eré ìje ọkọ̀ orí omi dídì. Ìtàn ọdún 2018 fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù Kejì ọdún náà, Nàìjíríà kópa fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú Ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, ní Pyeongchang ní Kòríà Gúúsù. Seun Adigun ni ó tu ọkọ̀ bobsleigh, Akuoma Omeoga sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nídìí ìjánu. Ngozi Onwumere ni ẹni kẹta wọn. Simidele Adeagbo ni ó gun skeleton. Ipò ogún, tí í ṣe ipò ìkẹyìn, ni wọ́n gbà nínú ìdíje méjèèjì. Síbẹ̀, kò sí ikọ̀ bobsleigh kankan láti Áfíríkà tí ó ti dé ibẹ̀ rí, kò sì sí obìnrin Áfíríkà tí ó ti gun skeleton níbẹ̀ ṣáájú Adeagbo.

Orísun kan náà ni adùn eré yìí àti ewu rẹ̀ ti ń wá, èyíinì ni eré àsápajúdé. Ẹni tí ó gun skeleton a dojú bolẹ̀, a kọ orí síwájú, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ní ìjánu. Èjìká àti orúnkún ni ó fi ń darí rẹ̀, nígbà tí eré rẹ̀ lè ju 120 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2010, Nodar Kumaritashvili, ọmọ ilẹ̀ Georgia, ẹni ọdún 21, kú ní Whistler ní Kánádà níbi tí ó ti ń fi luge dánra wò. Ọkọ̀ jù ú nù, ó sì fara gbá òpó irin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ògiri ibẹ̀ ga sí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi sáré tì í. Ẹni tí ó bá lọ́ra lókè yóò ru gbèsè náà dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn sárésáré fi yẹ fún un: Adigun ti sáré fo igi ìdènà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, Adeagbo sì ti jẹ́ afòlẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ onígi tí Adigun fúnra rẹ̀ kàn ní Houston ni ikọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ fi kọ́ títì náà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Irú ìpìlẹ̀ yìí wà ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2025, àwọn sárésáré láti gbogbo ìpínlẹ̀ péjọ sí pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ fún Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-Èdè.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó hàn ní Beijing ní 2022: ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣojú Nàìjíríà, orí òjò dídì ni ó sì ti sáré, kò gun ọkọ̀ kankan. Akitiyan àwọn obìnrin mẹ́rin ni ó gbé eré yìí dé Pyeongchang. Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò sí nílé tí yóò fi ìmọ̀ wọn lé àtẹ̀lé lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ tí ń sáré kò wọ́n ní Kútọ̀. Ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án ni ó wọ́n.