Ta Ló Kọ́kọ́ Béèrè Iye Àwọ̀ Tí Ojú Pẹrẹsẹ Ń Fẹ́?

Ká ní a fẹ́ kun ojú pẹrẹsẹ tí kò lópin, tí a sì ṣòfin pé ojú àmì méjì tó jìnnà síra ní ínṣì kan géérégé kò gbọdọ̀ ní àwọ̀ kan náà. Àwọ̀ mélòó ni yóò tó? Àwọn ìwé kò fẹnu kò lórí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè èyí: òmíràn ní onímọ̀ ìṣirò Hadwiger ni, òmíràn ní Erdős tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò bákan náà, òmíràn ní òǹkọ̀wé Gardner.

Onímọ̀ ìṣirò Alexander Soifer ló tú àkọsílẹ̀ wò fínnífínní, ó sì rí i pé Edward Nelson ni, ní 1950, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 18 ní Yunifásítì Chicago. Èmi fara mọ́ ọn. Ohun tí Hadwiger kọ ní 1945 jọ ọ́, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni. 1960 ni Gardner tó tẹ ìbéèrè náà jáde. Ti pé àwọ̀ 7 tó, John Isbell ló ni ín, onígun mẹ́fà bíi ti afárá oyin ló sì lò.

Ẹ̀rí pé 3 kò tó kàn wá ní Alberta. Leo Moser, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Alberta ní Edmonton, àti àbúrò rẹ̀ Willy ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nelson ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ọmọ Taradale, àdúgbò kan ní Calgary, tó ní kọ́ńpáàsì lè yà á lórí tábìlì ilé ìdáná. Ya onígun mẹ́ta méjì tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ ínṣì kan, kí wọ́n jọ pín ẹ̀gbẹ́ kan. Bí àwọ̀ bá jẹ́ 3 péré, ṣóńṣó méjì tó jìnnà síra jù lọ kò ní ṣàì jọ ní àwọ̀ kan. Fi ọ̀kan nínú ṣóńṣó yẹn ṣe ìdí, kí o ya irú àwòrán náà kejì láti ibẹ̀, kí o sì yí i títí ṣóńṣó òkèèrè àwòrán méjèèjì yóò fi jìnnà síra ní ínṣì kan. Àwọ̀ ìdí ni àwọn méjèèjì ní, òfin sì ti bàjẹ́. Ojú àmì 7 àti ìlà 11 ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tó wù mí tó o nínú jiọ́mẹ́tírì.

Irú ìbéèrè báyìí kò jìnnà sí wa ní Calgary: láti Taradale, ọkọ̀ ojú irin CTrain ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ láti ibùdókọ̀ Martindale wọ ìgboro, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò pààrọ̀ ọkọ̀, yóò sì sọ̀ ní Yunifásítì Calgary. Onímọ̀ ìṣirò Richard Guy dé ibẹ̀ ní 1965. Òun, Croft àti Falconer kó àwọn ìbéèrè jiọ́mẹ́tírì tí a kò tíì yanjú jọ sínú ìwé kan ní 1991. Ó kú ní 2020, lẹ́ni ọdún 103. Károly Bezdek náà ti ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀ lórí jiọ́mẹ́tírì.

Ní 2018, Aubrey de Grey, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó, fi ojú àmì 1581 hàn pé 4 pàápàá kò tó. Àwọn mìíràn ti dín in kù sí 509. Ìdáhùn lè jẹ́ 5, 6 tàbí 7.