Omi Iyọ̀ Tí Ń Pa Kòkòrò Àrùn

Ní 1908 ni Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi klorínì pa kòkòrò inú omi ìlú. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ omi Ìjú bẹ̀rẹ̀ sí pọn omi fún Èkó. Síbẹ̀, kànga àti mẹ́ruwà ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ojú Ẹlẹ́gbà ṣì gbójú lé. Ta ni yóò bá wọn pa kòkòrò tiwọn?

Iyọ̀ ọbẹ̀ lè ṣe é. Ẹ po gíráàmù 25 mọ́ lítà omi kan, kí iná bátìrì gba inú rẹ̀ kọjá fún wákàtí mélòó kan. Ó di apakòkòrò. Lítà kan rẹ̀ tó nǹkan bí 4,000 lítà omi tó mọ́ gaara. Nígbà àrùn Ebola ní 2014, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Guinea. Oòrùn àti ọjọ́ pípẹ́ ń sọ ọ́ di aláìlágbára; nítorí náà ni a ṣe ń pèsè rẹ̀ níbi tí a ó ti lò ó.