Ẹwìrì Méjì fún Iná Kan

Kókó ìjíròrò ti òní ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje: bí ó ti ṣe jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mú ẹ́ńjìnnì tí ó ti ní súpáshájà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì tún so tọ́bò mọ́ ọn. Lójú ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ òyìnbó pátápátá ni èyí. Kò kan ará Ìsánlú-Ìsin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró rí lẹ́nu ilé àgbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti rí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun rí i.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé orúkọ Ìgbómìnà pàápàá ti ara irin wá. Irú àdá kan tí a ń pè ní ogbó ni wọ́n ní Odùduwà fún Ọ̀ràngún nígbà tí ó ń kúrò ní Ifẹ̀. Ogbó náà ni ó ń fi ọ̀nà hàn án nínú igbó, èyí ni ó sì bí gbólóhùn náà, "Ogbó mi mọ̀nà." Yálà a gba ìtàn yìí ní kíkún tàbí a kò gbà á, ó fi hàn pé àwọn tí ó ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn ka iṣẹ́ irin sí ohun ńlá.

Nínú ilé àgbẹ̀dẹ, ọ̀gá ni ó ni òkìkí, ṣùgbọ́n ọmọ-iṣẹ́ tí ó jókòó ti ẹwìrì ni ó ni iná. Igi tí a gbẹ́ ihò méjì sí bí ọpọ́n, awọ ewúrẹ́ tí a fi bo ojú wọn, ọ̀pá méjì tí a so mọ́ awọ náà: ohun tí ẹwìrì jẹ́ nìyẹn. Ọmọ-iṣẹ́ a tẹ ti ọ̀tún, a gbé ti òsì. A tẹ ti òsì, a gbé ti ọ̀tún. Kí ni ìdí tí ihò náà fi jẹ́ méjì? Ìdí ni pé ẹyọ kan kò lè máa fẹ́ atẹ́gùn síta kí ó sì tún máa fà á sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ń fà á, iná yóò rẹlẹ̀, irin yóò sì tutù. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Nítorí náà ni èkejì ṣe ń fẹ́ nígbà tí èkíní ń mí.

Iná ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, epo kò sì lè jó láìsí atẹ́gùn. Ìwọ̀n atẹ́gùn tí písítìnì bá lè fà wọlé ni ẹ́ńjìnnì lásán ń lò. Bí a tilẹ̀ da epo sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín dúdú ni yóò pọ̀ sí i, kì í ṣe agbára. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ agbára ní láti sọ ẹ́ńjìnnì di ńlá, tàbí kí ó fún un ní ẹwìrì.

Ìtàn fi ìbátan iṣẹ́ méjèèjì yìí hàn kedere. Ní ọdún 1860, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí ń jẹ́ Philander àti Francis Roots, ní ìlú Connersville ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan. Ilé ìyọ́rin ni a ti kọ́kọ́ lò ó dáadáa, láti fẹ́ atẹ́gùn sí iná. Irú ẹ̀rọ náà gan-an ni a wá gbé ka orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1921, Mercedes pàtẹ ọkọ̀ tí ó ní súpáshájà ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì.

Ṣùgbọ́n súpáshájà ní àléébù. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń yí i, nípa bẹ́líìtì tàbí jíà. Ó dà bí alásè tí ó ń jẹ nínú oúnjẹ tí ó ń sè kí ó tó bù ú fún àlejò. W. O. Bentley, ẹni tí ó dá iṣẹ́ ọkọ̀ Bentley sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ òun, síbẹ̀ wọ́n so ó. Nínú eré ìje Le Mans ti ọdún 1930, Bentley tí kò ní súpáshájà ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Àwọn tí ó ní in kò parí eré náà.

Ọ̀nà kejì ti ọwọ́ Alfred Büchi wá, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tí ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní ọdún 1905. Ó wòye pé èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú síta ṣì ní agbára nínú. Ó ní kí èéfín náà yí àgbá kékeré kan bíi fáànù, kí àgbá yẹn sì yí òmíràn tí yóò máa ki atẹ́gùn bọ inú ẹ́ńjìnnì. Èyí ni a ń pè ní tọ́bò lónìí. Ohun tí à bá dà nù ni ó ń jẹ. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí díẹ̀díẹ̀, èéfín kò tó láti yí i. Awakọ̀ yóò tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ́ra, lẹ́yìn náà ni agbára yóò dé lójijì.

Ibi tí ọ̀kan kù sí ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú ajagun P-47 ti Amẹ́ríkà ti ń lo méjèèjì pọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ púpọ̀ lókè réré. Ní ọdún 1985, ilé-iṣẹ́ Lancia ti ilẹ̀ Ítálì gbé e wá sórí ilẹ̀ nínú ọkọ̀ Delta S4. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà méjì, agbára rẹ̀ sì lé ní ti ẹṣin 450. Súpáshájà ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí eré bá pọ̀, tọ́bò a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Henri Toivonen, ọmọ ilẹ̀ Finland, fi í gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje RAC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó jẹ́ ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1986, ní erékùṣù Corsica, ọkọ̀ Toivonen yà kúrò lójú ọ̀nà, ó já sínú ọ̀gbun, ó sì gbiná. Òun àti Sergio Cresto, ẹni tí ó ń júwe ọ̀nà fún un, kú sínú rẹ̀. Ohun tí ó fà á gan-an kò tíì fojú hàn, a kò sì lè di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n àjọ tí ń ṣàkóso ìdíje rí i pé agbára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọjá ohun tí ojú àti ọwọ́ ènìyàn lè kápá, wọ́n sì fòfin dè wọ́n láti ọdún 1987. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ìmọ̀ náà kò tìtorí èyí kú. Ní ọdún 2005, Volkswagen fi méjèèjì sí Golf GT. Lítà 1.4 péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 170. Kí olùkọ́ tí ó mọ Volkswagen "Ìjàpá", irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975, fi wé e: ẹ́ńjìnnì Ìjàpá 1300 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Golf yìí ní títóbi, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 44 lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ó yá, Volkswagen tún padà sí tọ́bò nìkan. Ohun tí ó bá ní apá púpọ̀ ni ó ní àtúnṣe púpọ̀, owó rẹ̀ a sì ga.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé-ìwé. Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tí a bá sọ fún pé ẹwìrì ni súpáshájà, àti pé ẹwìrì tí èéfín ń yí ni tọ́bò, ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sójú pátákó. Ọmọ tí a kò sọ fún yóò há orúkọ òyìnbó náà sórí, yóò sì gbà pé àwọn baba òun kò mọ nǹkan kan nípa atẹ́gùn àti iná. Àdánù tí èyí ń fà kò kéré, nítorí pé ẹwìrì aláwọ ń dín kù nílé àgbẹ̀dẹ. Ní ibi púpọ̀, fáànù tí a ń fi ọwọ́ yí ti gba ipò rẹ̀. Bí a kò bá so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹ̀kọ́ nísinsìnyí tí àwọn tí ó fi ọwọ́ tẹ ẹwìrì ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ náà yóò bá ohun èlò náà lọ. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.