ÀDÚRÀ ÀTI IṢẸ́ ỌWỌ́: ÌTÀN TÍ KUMASI KỌ́ WA

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nígbà gbogbo tí àwọn ọmọ ìjọ láti ẹ̀ka gbogbo bá pàdé pọ̀, èyí nì ni pé: níbo ni àdúrà parí sí, níbo ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan nínú wa a máa wí pé ẹni tí ó bá gbàdúrà tán tí ó tún ń sáré kiri, kò ní ìgbàgbọ́. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé, a máa wí pé àwọn baba wa kò mọ ohun kan ju ààwẹ̀ àti orí òkè lọ. A kò rò pé èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ti fi ara balẹ̀ wo ìtàn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú àwọn òǹkàwé wa lọ sí ìlú kan tí ó jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ìdílé nínú wa kò lè gbàgbé, èyí ni Kumasi, olú ìlú àwọn Ashanti ní ilẹ̀ Gánà, àti ní pàtàkì àdúgbò tí à ń pè ní Ashanti New Town.

Ashanti New Town kò jìnnà sí Manhyia níbi tí ààfin Asantehene wà, àwọn ará ìlú a sì máa gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Ash Town. Nígbà tí ọ̀nà rélùwéè láti Sekondi wọ Kumasi ní 1903, tí èyí tí ó ti Accra wá sì tún dé ibẹ̀ ní 1923, owó kòkó mú kí ìlú náà kún fún àlejò. Àwọn ènìyàn wa wà nínú wọn: àwọn ará Ogbomọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà, Ṣakí àti Ìgbòho, tí wọ́n ń fi orí ru aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, awo àti ọjà wẹ́wẹ́ láti abúlé dé abúlé kí wọ́n tó ní ìsọ̀ tiwọn nínú ọjà ńlá Kumasi. Alata ni àwọn Ashanti ń pè wọ́n. Nínú Zongo àti ní àwọn àdúgbò bí Ashanti New Town ni wọ́n ti ń háyà yàrá, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì jọ ń lo àgbàlá kan ṣoṣo. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń dá èsúsú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì gbà pé láti ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ susu tí àwọn ará Gánà ń lò títí di òní ti wá. Wọ́n sì kọ́ ilé ìsìn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí pé ọwọ́ kan náà tí ó ń ka owó èsúsú ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó ń pàtẹ́wọ́ níwájú Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Kí àwọn ìjọ aládùúrà tó gbilẹ̀ ní Kumasi, Ọlọ́run ti fi àpẹẹrẹ ohun tí à ń sọ yìí hàn ní ilẹ̀ Ashanti. Ní 1920 ni wòlíì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sampson Oppong bẹ̀rẹ̀ sí wàásù káàkiri ibẹ̀. Ọkùnrin yìí kò mọ ìwé rárá. Ó ti ṣe ẹ̀wọ̀n rí. Òkúta kan ni ó máa ń gbé dání, tí ó ń wò ó bí ẹni tí ó ń ka Bíbélì. Bí ó ti ń wàásù ni àwọn ènìyàn ń kó òrìṣà wọn jáde tí wọ́n sì ń dáná sun wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó yípadà láàárín ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé Oppong nìkan ni ó wà, ta ni ìbá mọ ibi tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà nígbà tí wòlíì bá kọjá lọ? W. G. Waterworth, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tí ó wà ní Kumasi nígbà náà, ni ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé orúkọ, tí ó ń kọ àwọn tí ó yípadà sílẹ̀, tí ó ń wá olùkọ́ fún abúlé yìí àti abúlé ọ̀hún. Àwọn kan ń fi ìwé orúkọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé nǹkan ti ara ni. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Iná Ẹ̀mí ni ó sọ̀ kalẹ̀ sórí Oppong, ṣùgbọ́n Waterworth ni ó wá igi tí iná náà fi ń jó lọ.

Wàyí o, a kò lè ṣe aláìsọ̀rọ̀ nípa oògùn, nítorí pé níbẹ̀ ni ìjà ti le jù. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influẹ́ńsà dé ní 1918, tí ó pa àìmọye ènìyàn ní gbogbo ayé, ilé ìwòsàn kò rí nǹkan ṣe sí i. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tí Joseph Shadare jẹ́ olórí wọn bẹ̀rẹ̀ sí péjọ fún àdúrà. Sophia Odunlami, olùkọ́bìnrin, sì jẹ́rìí pé a fi hàn òun pé omi òjò àti àdúrà ni kí àwọn aláìsàn lò. Láti inú ẹgbẹ́ yìí, tí à ń pè ní Òkúta Iyebíye, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ìjọ aládùúrà ti wá. Wọ́n rí ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle gbà láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, èyí tí ń kọ́ni pé kí onígbàgbọ́ má ṣe fi ẹnu kan oògùn kankan. Ìwé ìròyìn kan náà ni ó dé ọwọ́ Peter Anim ní Gold Coast, ẹni tí àìsàn inú àti sòbìà ti ń bá jà fún ìgbà pípẹ́, tí ó sì rí ìwòsàn nípa àdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ṣe fi gbòǹgbò múlẹ̀ ní ilẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí míṣọ́nnárì kan tí ó ti Philadelphia wá láti rí bí ilẹ̀ wa ti rí.

Ohun kan wà níhìn-ín tí a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa rò dáadáa. Ní 1918, kò sí oògùn fún influẹ́ńsà; àní kòkòrò tí ń fà á pàápàá, ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ tó rí i. Ẹni tí ó bá fún aláìsàn ní omi mímọ́, tí ó wẹ̀ ẹ́, tí ó jókòó tì í, tí ó sì ń gbàdúrà, kò ṣe ohun tí ó kéré sí ohun tí dókítà lè ṣe lákòókò náà. Àwọn tí ó sọ pé òmùgọ̀ ni Odunlami, àwọn ni òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn tí kò ní oògùn ni ó bí òfin náà, a sì wá gbé e lé orí ibà, tí kìnínì ti wà fún tipẹ́tipẹ́. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yọ̀. A ti ka ẹ̀rí àwọn tí a mú lára dá. Ẹ̀rí àwọn ọmọ tí ibà pa nínú ilé àwọn olóòótọ́ ènìyàn ni a kò kọ sílẹ̀.

Ọ̀ràn náà fara hàn gbangba ní 1937. Peter Anim àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti dara pọ̀ mọ́ ìjọ Àpọ́sítélì ti Bradford, ìjọ yìí sì rán James McKeown sí wọn. Ó gúnlẹ̀ sí Gold Coast ní oṣù March. Nígbà tí yóò fi di oṣù June, ibà ti dá a wó, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì lo oògùn. Ọkàn àwọn ará bàjẹ́ gidigidi. Báwo ni ẹni tí a rán láti wá kọ́ wọn ní ìgbàgbọ́ yóò ṣe máa mu kìnínì? Ìyapa náà kò ṣeé dí; ní 1939, Anim àti àwọn tirẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ Christ Apostolic Church. Ìjà kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín àwọn baba wa àti àwọn míṣọ́nnárì Bradford, títí tí wọ́n fi pínyà tí a sì forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Ìhà tí McKeown darí di Church of Pentecost ní 1962, ìjọ náà sì ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Madina, nítòsí Accra. A kò sọ èyí láti dá àwọn baba wa lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ kí a rí ni pé àwọn baba wọ̀nyí tí wọ́n kọ kìnínì kò kọ iṣẹ́: wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n lọ bá ìjọba fún ìwé ẹ̀rí. Kò sí ẹni tí ó gba ààwẹ̀ kí orúkọ ìjọ lè wọ inú ìwé ìjọba láìsí ẹni tí ó kọ lẹ́tà.

Ní 1953 ni Adeleke Adejobi, ẹni tí Josiah Ositelu ti Ògèrè ti rán sí Sierra Leone ní 1947, mú Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) wá sí Kumasi. Kì í ṣe àwọn Yorùbá nìkan ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run yìí wá sìn. Ó wàásù fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, ó sì jẹ́ kí a kọ́ wọn di òjíṣẹ́. Nígbà náà, ó lè dà bí ẹni pé iṣẹ́ àfikún lásán ni. Òòrùn ọdún 1969 kò tíì yọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù November, 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia, tí kò tíì pé oṣù méjì lórí oyè, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí ó fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Iṣẹ́ wọ́n fún àwọn ọmọ onílẹ̀, ìjọba sì wí pé ọwọ́ àlejò ni òwò wà. Ìkànìyàn ọdún 1960 ti fi hàn pé àwọn Yorùbá tí ó wà ní Gánà tó nǹkan bí 100,000, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni a sì bí síbẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ilẹ̀ méjèèjì, kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn òmìnira, òfin béèrè rẹ̀, pàápàá òfin àwọn àlejò ti 1963, ṣùgbọ́n òfin náà sùn, àwọn ènìyàn wa náà sì bá a sùn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ọjọ́ 14 jẹ́, kí ó ronú nípa oníṣòwò tí ó ti tú ọjà rẹ̀ ká sí ọwọ́ àwọn oníbàárà láti san owó nígbà tí a bá ta kòkó. Oṣù November ni àkókò kòkó gan-an. Gbèsè kò ṣeé gbà. Ilé kò rí ẹni rà á ní iye tí ó tó. Ìsọ̀ di ti ẹlòmíràn. Ọkọ̀ akẹ́rù gba ọ̀nà Tógò àti Dàhòmì kọjá sí Nàìjíríà, níbi tí ogun abẹ́lé kò tíì parí. Ní àwọn ìjọ tí ọmọ Yorùbá kún inú wọn, pàápàá ti àwọn Onítẹ̀bọmi, tí àwọn oníṣòwò láti Ogbomọ̀ṣọ́ ti fi ọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀, àga ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

A ti gbọ́ ìwàásù tí ó wí pé àwọn tí ó pàdánù ohun gbogbo ní Gánà kò gbàdúrà tó. Ọ̀rọ̀ ìkà ni èyí. Wọ́n gbàdúrà. A sì ti gbọ́ èyí tí ó wí pé bí wọ́n bá ti wá ìwé wọn ní àkókò, ohunkóhun kì bá tí ṣe wọ́n. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin òwò ti 1970 tún dé, tí ó fi òwò kéékèèké sí ọwọ́ àwọn ọmọ Gánà nìkan, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ìwé sì tún di ẹrù rẹ̀. Ìwé kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní i ní àkókò díẹ̀ láti gba gbèsè rẹ̀, láti ta ilé rẹ̀ ní iye tí ó yẹ, láti kó ọmọ rẹ̀ jáde ní ilé ìwé láìsí ìpayà. Àkókò díẹ̀ náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Pọ́ọ̀lù nínú ọkọ̀ tí ìjì ń gbá ti gba ìlérí pé ẹ̀mí kan kì yóò ṣègbé, síbẹ̀ nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ sá, ó ké sí balógun pé bí àwọn wọ̀nyí bá lọ, kò sí ìgbàlà. Nígbà tí ó yá, ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun. Nehemáyà náà gbàdúrà, ó sì fi ẹ̀ṣọ́ sí ara odi.

Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn 1969 ni èyí: ìjọ tí ó ti kọ́ ọmọ ilẹ̀ náà ní iṣẹ́ òjíṣẹ́, tí ó sì ń fi èdè Twi wàásù, kò parẹ́ nígbà tí àwọn Yorùbá lọ. Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) dúró ní Gánà. Àwọn Onítẹ̀bọmi tún ara wọn kó jọ lábẹ́ àwọn olórí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Gánà. Níbi tí ó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni a fi ń kọrin, ìgbà tí orin náà wọ ọkọ̀ lọ, ilẹ̀kùn tì. A kò mọ iye òru tí àwọn àgbà fi gbàdúrà kí ìjọ wọn má ṣe parẹ́ ní Kumasi. Ìdáhùn náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí ẹnìkan ti jókòó kọ́ èdè àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ní oṣù January, 1972, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. Lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú àwọn ènìyàn wa padà sí Kumasi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù January, 1983, ìjọba Nàìjíríà náà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé fi ilẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì wá kan àwọn ará Gánà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jọ́sìn pẹ̀lú wa ní Èkó, láti di ẹrù wọn sínú àpò kí wọ́n sì máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn kọjá ní Sèmè.