Odò Ògùn Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀nà àti Gẹ́gẹ́ Bí Oko: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Iṣẹ́ Ẹja Pípa Lórí Odò Tí Èrò Pọ̀ Sí

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kọ sílẹ̀ nípa odò Ògùn ló sọ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ènìyàn àti ẹrù ń gbà kọjá. Iṣẹ́ yìí wo odò náà láti ojú apẹja, ẹni tí odò jẹ́ oko fún. A ṣàlàyé bí àsìkò òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ṣe pín odò láàárín ọlọ́kọ̀ àti apẹja, bí àwọn ìlò tuntun, pàápàá láti ọdún 1983, ṣe da ìpín náà rú, àti ohun tí olùkọ́ Yorùbá lè ṣe kí ìmọ̀ inú iṣẹ́ náà má baà parun.

1.0 Ìfáárà

Láti àwọn òkè Ìgàràn, lápá Ṣakí, ni odò Ògùn ti ń ṣàn wá. Ó la ilẹ̀ Ọ̀yọ́ já, ó gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta kọjá, ó sì tú sínú ọ̀sà Èkó. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ àwọn Àwórì sọ pé Ògúnfúnmìnírè tẹ̀lé àwo kan tó ń léfòó lórí odò yìí títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrì, pé láti inú “àwo rì” ni orúkọ Àwórì sì ti wá. Nínú ìtàn yìí, ọ̀nà ni odò. Ó mú ènìyàn kúrò níbì kan, ó sì gbé e dé ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n orúkọ òrìṣà tí odò Ògùn jẹ́ tirẹ̀ sọ ohun mìíràn. Yemọja ni, Yèyé-ọmọ-ẹja. Nínú orúkọ yìí, odò kì í ṣe ọ̀nà rárá. Ìyá tó fi ẹja ṣe ọmọ ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ní ayé ogun gbé orúkọ náà dé Brazil àti Cuba. Títí di òní, àwọn apẹja Rio Vermelho ní ìlú Salvador ni wọ́n ń ṣáájú àwọn tó ń gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ sójú òkun ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdọọdún. Lọ́hùn-ún, apẹja wà láàárín ìtàn Yemọja. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ló dé tí a kò fi rí apẹja nínú ìtàn odò Ògùn tí a kọ nílé?

2.0 Odò gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà

A tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá wó Èkó ní ọdún 1851, tí wọ́n sì gbà á pátápátá ní ọdún 1861, odò Ògùn di ojú ọ̀nà pàtàkì láàárín ìlú méjèèjì. Epo pupa àti òwú ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó. Aṣọ, iyọ̀ àti ohun ìjà ń gòkè bọ̀. Robert Campbell, ọmọ Jamaica tó dé Èkó ní ọdún 1859, gba ojú omi yìí lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì kọ ìwé nípa ìrìn àjò rẹ̀ ní ọdún 1861.

Nítorí pé ọ̀nà ọjà ni, odò náà di ohun ìjà òṣèlú. Ní ọdún 1865, ìgbìmọ̀ àkóso àpapọ̀ Ẹ̀gbá tí G. W. Johnson wà nídìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba owó bodè lórí ọjà tó ń jáde. Èyí wà lára ohun tó fa gbọ́nmi-si-omi-ò-to pẹ̀lú ìjọba Èkó, títí tí Ìfọ́lé fi ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1901, tí ó sì gba Abẹ́òkúta, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lórí omi. Inú ìwé ìtàn náà, odò Ògùn bẹ̀rẹ̀ sí pòórá níbẹ̀.

Kò yani lẹ́nu. Oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba àti míṣọ́nnárì ni wọ́n ń kọ̀wé nígbà náà, ohun tí wọ́n sì ń wá ni wọ́n kọ: iye ẹrù, owó bodè, ọjọ́ ìrìn àjò. Ẹni tó dẹ ìgèrè sí ẹ̀bá omi kò san owó bodè, kò sì di ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

3.0 Odò gẹ́gẹ́ bí oko

Bí àgbẹ̀ ṣe ní ìgbà gbígbìn àti ìgbà ìkórè, bẹ́ẹ̀ ni apẹja odò ní. Odò Ògùn a máa kún jù ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, a sì máa fà láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kẹta. Nígbà tí omi bá kún, tí ó bo koríko àti àbàtà etí odò, ni àrọ̀ máa ń jáde lọ yé ẹyin síbi tí omi kò ti jìn. Ọ̀bọ̀kún ní tirẹ̀ a máa wá ihò tàbí inú igi tó ti jẹrà lábẹ́ omi láti tọ́jú ẹyin sí. Ẹja ọ̀sàn a máa fi koríko kọ́ ìtẹ́ tó léfòó sínú àbàtà, a sì máa ṣọ́ ọ kíkankíkan.

Ìmọ̀ ìwà ẹja wọ̀nyí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Apẹja tó mọ̀ pé ihò ni ọ̀bọ̀kún ń wá a máa rì ọparun oníhò sínú omi, ẹja a sì wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń fà, tí ẹja ń padà láti àbàtà sínú odò, apẹja a fi igi ṣe ọgbà sí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde, a sì dẹ ìgèrè sí àlàfo rẹ̀. Ìwọ̀ wà fún ibi tó jìn, àwọ̀n jíjù sì wà fún ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́. Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń gba ẹja náà, tí wọ́n ń yan án lórí iná kí ó má baà bàjẹ́, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà. Láìsí ẹja yíyan, ẹja odò kò lè rìn jìnnà sí etí omi.

4.0 Bí a ṣe pín odò lò

Bí a bá fi ìwé àkọsílẹ̀ ọlọ́kọ̀ àti ìṣesí ẹja wé ara wọn, ohun kan hàn kedere. Ìgbà tí odò kún ni ọlọ́kọ̀ ń fẹ́, nítorí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àpáta àti òkìtì yanrìn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá rí ọ̀nà gbà. Ìgbà tí omi ń fà gan-an ni ìkórè apẹja. Ìgbà tí ọ̀nà bá ń dí ni oko ń so. Odò kan náà ni, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà méjì ló ní, ìdí nìyí tí èrò fi lè pọ̀ lórí rẹ̀ kí ẹja má sì tán.

Èèwọ̀ náà tún ṣiṣẹ́ òfin. Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni ti odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, èèwọ̀ ni láti pa ẹja. Ẹni tó bá fi ojú ẹ̀sìn nìkan wo èèwọ̀ yìí yóò rí òrìṣà. Ẹni tó bá fi ojú iṣẹ́ ẹja pípa wò ó yóò rí ibi tí ẹja ti lè bímọ láìsí ẹni tó ń dà á láàmú.

5.0 Àwọn ìlò tuntun

Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń mójú tó agbègbè odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1976. Ní oṣù Kẹta ọdún 1983, Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìdídò Ọ̀yán, lórí odò tó jẹ́ ẹ̀ka Ògùn. Adágún rẹ̀ gba nǹkan bí hẹ́kítà 4,000. Èrè rẹ̀ kò kéré: Abẹ́òkúta àti Èkó rí omi mu, àwọn apẹja sì rí ibi iṣẹ́ tuntun lórí adágún náà. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé tí a ṣí nípò kó àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ láti ara ìgbín inú omi tí kì í ṣàn. Nísàlẹ̀ odò, ọwọ́ ènìyàn ló kù tó ń ṣí omi, tó ń sé e. Kàlẹ́ńdà tí apẹja kọ́ lọ́wọ́ baba rẹ̀ kò tún ṣe é gbára lé mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Lẹ́yìn èyí ni yanrìn. Bí Èkó ṣe ń gbòòrò, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn di púpọ̀ lápá Ìṣẹrì àti àyíká rẹ̀. Yanrìn ni ilé fi ń dìde, a kò lè sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò, ihò ọ̀bọ̀kún a bàjẹ́, omi a dọ̀tí, ẹja kò sì ní lè mí dáadáa. Ìdọ̀tí ibi ìpẹran tó wà létí odò ní Kara tún ń kún un. Àwọn Yorùbá a máa pa á lówe pé odò kì í kún kí ó bo ẹja lójú. Òótọ́ ni, omi kíkún kò lè fọ́ ẹja lójú. Ẹrẹ̀ ni ó lè ṣe é.

Àwọn apẹja kan náà kò mọ́wọ́ kúrò. Àwọn kan ń da oògùn kòkòrò kòkó tí wọ́n ń pè ní Gamalin sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1992 lórí ẹja omi inú ilẹ̀ ka májèlé àti ohun abúgbàù léèwọ̀. Ẹni tó bá fi májèlé pa ẹja lónìí ti pa ti ọ̀la mọ́ ọn.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé kì í ṣe èrò púpọ̀ ló ń ba odò jẹ́. Èrò pọ̀ lórí odò Ògùn ní ọdún 1860, ẹja sì wà níbẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé gbogbo ẹni tó dé sórí rẹ̀ lẹ́yìn náà ń ṣètò bí ẹni pé kò sí ẹni tó ti ń ro ó bí oko. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, a kì í kà á mọ́ ohun tí a óò pàdánù. Nígbà tí ìjọba bá ń ṣírò iye yanrìn tàbí iye omi, apẹja kò ní ìwé kankan tí yóò nà jáde.

Iṣẹ́ olùkọ́ wà níbí. Nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ àgbẹ̀, ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ ni a sábà máa ń fi àyè púpọ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹja pípa kún un bí ó ti tọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nítòsí odò lọ bá àwọn àgbà apẹja àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹja, ti ohun èlò àti ti àsìkò omi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní ẹ̀ka èdè wọn. Kí wọ́n ya ibi tí a ti ń dẹ ìgèrè tẹ́lẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí ìgèrè kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Bí a bá sì pàdánù ọ̀rọ̀ náà, ìmọ̀ bí odò ṣe ń kún, bí ó ṣe ń fà, àti ohun tí ẹja ń ṣe láàárín méjèèjì yóò bá a lọ.