Àbátàn ti Òkè-Ọ̀dàn: Láti Ìkòkò Ìdáná dé Àwo Òrìṣà

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn. A ó dárúkọ agbẹ́gilére bí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì àti Àreògún ti Ọ̀sì. A ó sì ròyìn àwọn tí ń fi idẹ ṣe ẹdan Ògbóni ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ti amọ̀kòkò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá dárúkọ ìkòkò, ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí. Síbẹ̀, obìnrin kan gbé ayé ní agbègbè tí ó di apá kan Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976, tí ó fi amọ̀ mọ ère tí ó tó ère gbígbẹ́ í bá dọ́gba. Àbátàn Ọdẹ́fúnkẹ́ Àyìnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Òkè-Ọ̀dàn ni ìlú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1885 ni wọ́n bí i. Ó sì kú ní 1967.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní 1995, ni Òkè-Ọ̀dàn wà. Ní 1848, àwọn ọmọ-ogun Gezo, ọba Dàhòmì, kọlu ìlú náà, wọ́n pa á run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú. Irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ará Rẹ́mọ, nítorí wàhálà ogun ọ̀rúndún kan náà ni ó mú kí àwọn ìlú kéékèèké para pọ̀ sí ojú kan ní nǹkan bí 1872, tí wọ́n fi di Ṣàgámù. Ìkòkò kì í la ogun já. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà ní ọwọ́ amọ̀kòkò a máa bá a sá àsálà, a sì máa bá a padà wálé. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Àbátàn bá nílé.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Àwọn àgbà sọ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná. Ẹ̀kọ́ amọ̀kòkò kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọnà. Wíwa amọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gígún un, rírẹ ẹ́ sínú omi, àti ṣíṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìkòkò àtijọ́ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni a ti ń tẹ ìdí ìkòkò tuntun. A ó wá fi ọwọ́ yí amọ̀ gbọọrọ bí okùn, a ó máa tò ó lé ara wọn títí tí ikùn àti ọrùn yóò fi yọ. Kò sí ẹ̀rọ tí ń yí. Amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ ni ó ń yí ìkòkò ká. Gbangba ni a ti ń sun ún, pẹ̀lú igi, imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ àti koríko.

Ìṣaasùn, agbada, àmù, orù àti àjẹ̀rẹ́ ni irú àwọn ohun tí ọwọ́ ọmọbìnrin amọ̀kòkò fi ń mọ iṣẹ́. Níbẹ̀ náà ni ó ti ń kọ́ ọnà. Kí amọ̀ tó gbẹ, a ó yí ṣùkù àgbàdo tàbí igi fínfín lórí rẹ̀, a ó fi ṣóńṣó igi fa ìlà yí ọrùn ká. Ẹwà kọ́ ni gbogbo èrè rẹ̀. Ikùn orù tí ó rí gbágungbàgun kì í tètè yọ̀ bọ́ ní ọwọ́ ẹni tí ń bọ̀ láti odò. Ọnà àti ìwúlò kò pínyà.

Ohun tí ó gbé orúkọ Àbátàn ga ni àwo òta Ẹyinlẹ̀. Ẹyinlẹ̀ ni àwọn ará Ẹ̀gbádò ń pe Erinlẹ̀, òrìṣà ọdẹ àti odò, tí ojúbọ rẹ̀ gbajúmọ̀ ní Ìlobùú, tí odò rẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun. Omi odò àti òta, èyí tí í ṣe òkúta inú omi, ni àwọn olùsìn rẹ̀ ń fi sínú àwo náà. Ikùn àwo rí roboto bí ti ìkòkò mìíràn. Orí ọmọrí ni iṣẹ́ gidi wà. Níbẹ̀ ni a ti tẹ ọ̀já amọ̀ kọrọdọ bí adé, tí ère obìnrin sì yọ jáde pẹ̀lú ọmú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ojú tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú àwọn iṣẹ́ Àbátàn kan, obìnrin náà gbé àwo kékeré lọ́wọ́ fún ọrẹ.

Bí a bá wo ère yìí dáadáa, ìkòkò ìdáná kò jìnnà sí i. Amọ̀ gbọọrọ tí ó ń di ikùn àmù ni ó di ọ̀já adé. Ṣóńṣó igi tí ó ń fa ìlà sí ọrùn orù ni ó kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère. Bí ère amọ̀ bá ki jù, tí kò sì ní ihò nínú, yóò bẹ́ nínú iná; nítorí náà ẹni tí ó bá ti mọ bí a ti ń mọ ikùn ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni ó lè mọ irú ère bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ni láti sọ pé Àbátàn fi ìkòkò sílẹ̀ kí ó tó di oníṣẹ́ ọnà. Inú ìkòkò gan-an ni ó ti di i.

Kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni ó fi sin Ẹyinlẹ̀. Ó tún ń ki oríkì òrìṣà náà. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, bá a sọ̀rọ̀, ó wo àwọn àwo rẹ̀ ti àtijọ́ àti ti ìgbà náà, ó sì tẹ àròkọ kan jáde nípa rẹ̀ ní 1969. Ohun pàtàkì tí ìwádìí náà fi hàn ni pé ọwọ́ Àbátàn ń yí padà bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń ga. Èyí ta ko èrò àwọn tí ó ń sọ pé oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Adúláwọ̀ kì í ní orúkọ, àti pé àdàkọ iṣẹ́ baba ńlá nìkan ni wọ́n ń ṣe. Àṣà fún Àbátàn ní àwo, adé àti ère. Bí wọn yóò ti rí lójú kù sí ọwọ́ tirẹ̀.

Àwo ojúbọ a máa pẹ́, nítorí a ń tọ́jú rẹ̀. Ìṣaasùn a máa fọ́, a sì di àpáàdì. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ amọ̀kòkò fi ṣòro láti rí. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti ń pe òrìṣà náà ní Inle, àwo tánganran olómorí ni wọ́n ń kó òta sí. Òrìṣà rékọjá òkun, ṣùgbọ́n ọwọ́ amọ̀kòkò kò bá a dé ibẹ̀. Nílé, Ladi Kwali ní oríire mìíràn: ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò Michael Cardew ní Àbújá àtijọ́, tí í ṣe Suleja, ní 1954, ìkòkò rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà.

Ní 1956 ni Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, tí ó sì fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ kò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́. Ìtàn Àbátàn gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní ìtàn ọnà ní Rẹ́mọ kò ní láti dúró de ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí ó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí àmù ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí wọ́n wo ọnà ara rẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè orúkọ ẹni tí ó mọ ọ́n. Àmù náà yóò fọ́ ní ọjọ́ kan. Orúkọ tí a bá ti kọ sílẹ̀ kì í fọ́.