Ìtàn Tí Ó Wà Lára Àpò Lẹ́tà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nínú àwọn ọ́fíìsì tí ó wà ní Zone 4 ní ìlú Abidjan, akọ̀wé a máa já lẹ́tà tí ó dé, a yọ ìwé inú rẹ̀, a sì gbé àpò rẹ̀ jù sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Kò sí ẹni tí í bi í léèrè ìdí rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àpò lẹ́tà dàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀: bí a bá ti jẹ èyí tí ó wà nínú rẹ̀ tán, ó di ti ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ti rí i pé ara èèpo yìí gan-an ni ìtàn wà. Wọ́n ń ṣa àpò lẹ́tà jọ, wọ́n ń ka òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù sí i, wọ́n sì ń fi wọ́n mọ bí ìlú ti ń dàgbà, bí ìjọba ti ń yí padà, àti bí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn lò láti ilẹ̀ kan dé òmíràn.

Zone 4 jẹ́ apá kan àgbègbè Marcory, ní erékùṣù Petit-Bassam, ní gúúsù Abidjan. Ilé iṣẹ́, ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti ibùgbé àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ Faransé, Lẹ́bánónì àti onírúurú ilẹ̀ Áfíríkà ni ó kún ibẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú tí a fi orúkọ Félix Houphouët-Boigny pè kò jìnnà sí i, ní Port-Bouët. Èbúté ńlá ìlú náà sì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ibi tí òwò bá wà, lẹ́tà kò ní ṣàì wà níbẹ̀. Zone 4 kì í ṣe ìlú àtijọ́ tí ó ní ààfin àti ògiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ lọ́la yóò ní láti wá ẹlẹ́rìí rẹ̀ nínú àwọn ohun kéékèèké tí a ń lò lójoojúmọ́, àpò lẹ́tà sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfàmọ́ra ni, nítorí ẹfà ni iye owó náà. Bí owó ẹyọ méjì bá kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni; bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé. Owó ẹyọ kan náà ni, okùn kan náà ni, ṣùgbọ́n bí a ti tò wọ́n ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá tú okùn náà, tí ó kó owó ẹyọ sápò, ti rí owó, ó sì ti pàdánù iṣẹ́ tí a rán sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó bá ya sítáǹpù kúrò lára àpò lẹ́tà. Àwòrán kékeré kan ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí lẹ́tà náà ti wá, ọ̀nà tí ó gbà, àti ibi tí ó ń lọ ti sọnù.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó máa ń wà lára àpò kan ṣoṣo. Sítáǹpù ń sọ iye tí a san àti ìjọba tí ó gba owó náà. Òǹtẹ̀ tí a lù lé e lórí ń sọ orúkọ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ọjọ́. Nígbà mìíràn ó ń sọ wákàtí pàápàá. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà tí a ṣe ní rẹ́jísítà, ìwé pélébé kan tí ó ní R àti nọ́ńbà a wà lára rẹ̀. Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn a máa fi ìlú tí lẹ́tà yà sí hàn àti ọjọ́ tí ó gúnlẹ̀. Bí owó sítáǹpù kò bá pé, a ó lu T sí i, kí ẹni tí ó gbà á lè san ìyókù. Bí a kò bá rí ẹni tí a kọ ọ́ sí, òǹtẹ̀ mìíràn a wà níbẹ̀ tí ó ní kí a dá a padà fún ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá kì í sì í lẹ sítáǹpù rárá. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ iye owó àti ọjọ́ sí i, orúkọ ilé iṣẹ́ náà a sì máa bá a lọ nígbà púpọ̀. Ẹni tí ń wá sítáǹpù ẹlẹ́wà kò ní bojú wo irú àpò yìí. Ẹni tí ń wá ìtàn òwò a dì í mú gírígírí, nítorí ó jẹ́rìí pé ilé iṣẹ́ báyìí wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ báyìí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà lílẹ sítáǹpù ti bẹ̀rẹ̀ ní 1840, nígbà tí ìmọ̀ràn Rowland Hill mú kí ẹni tí ń kọ lẹ́tà máa san owó rẹ̀ ṣáájú. Òǹtẹ̀ bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lo sítáǹpù kan lẹ́ẹ̀mejì. Yíǹkì pupa ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ń fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n yí i padà sí dúdú ní 1841. Ọgbọ́n tí a fi ń dènà olè ni òǹtẹ̀ nígbà náà; àwọn tí ń lù ú kò mọ̀ pé ìtàn ni àwọn ń kọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ dé Èkó ní 1852, sítáǹpù tí a kọ orúkọ Lagos sí sì jáde ní 1874. Ní ọdún kan náà, orílẹ̀-èdè 22 ṣe àdéhùn ní Bern, ní Switzerland, kí lẹ́tà lè máa kọjá láti ilẹ̀ kan sí èkejì láìsí ìdíwọ́. Láti inú àdéhùn náà ni Ẹgbẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé ti jáde. Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire wọ ẹgbẹ́ náà ní 1961.

Ní ti Côte d'Ivoire, ẹni tí ó bá to àpò lẹ́tà rẹ̀ láti ọdún dé ọdún yóò rí ìtàn ilẹ̀ náà bí ẹni ń wo dígí. Sítáǹpù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1892. Grand-Bassam ni olú ìlú nígbà náà. Ibà pọ́njú tí ó jà níbẹ̀ ní 1899 lé ìjọba lọ sí Bingerville ní 1900, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó lọ sí Abidjan ní 1934. Ní 1932 àwọn Faransé pín ilẹ̀ Upper Volta mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀, apá púpọ̀ sì bọ́ sọ́dọ̀ Côte d'Ivoire. Wọn kò da sítáǹpù Upper Volta tí ó kù nù: wọ́n tẹ orúkọ Côte d'Ivoire lé e lórí ní 1933, wọ́n sì tà á. Nítorí náà, lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ láti Ouagadougou ní àkókò náà, láti Côte d'Ivoire ni ó ti wá, títí Upper Volta fi tún dìde ní 1947. Sítáǹpù ìṣọ̀kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé sì gba ipò ti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí di 1959. Òmìnira sì dé ní ọjọ́ keje Oṣù Kẹjọ 1960. Ní 1985 ìjọba ibẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe túmọ̀ orúkọ orílẹ̀-èdè àwọn sí èdè mìíràn mọ́. Àwọn tí ń kọ̀wé láti Nàìjíríà ti máa ń kọ Ivory Coast sára àpò. Bí àṣẹ yìí ti ń wọ̀ wọ́n lára díẹ̀díẹ̀ ni a lè rí nínú àdírẹ́sì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ.

Àdírẹ́sì Abidjan tún ní ẹ̀kọ́ kan tí ó yẹ kí olùwádìí ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà níbẹ̀ kì í lọ sí ojúlé. Àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń rí 01 BP, tí nọ́ńbà àpótí a tẹ̀lé e, tí Abidjan 01 a sì parí rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tí àpótí wà ni nọ́ńbà 01 ń tọ́ka sí, kò tọ́ka sí ibi tí ẹni náà ń gbé. Ilé iṣẹ́ lè wà ní Zone 4 kí àpótí rẹ̀ sì wà ní Plateau, ní òdìkejì ọ̀sà. Bí ó bá jẹ́ ìwé orúkọ àti nọ́ńbà àpótí nìkan ni olùwádìí ní lọ́wọ́, yóò gbé ilé iṣẹ́ náà sí àdúgbò tí kò sí. Àpò lẹ́tà tí a tẹ ojú pópó ilé iṣẹ́ náà sí igun rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó wà nínú òǹtẹ̀, ni yóò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Àpò lẹ́tà a sì máa fi àkókò wàhálà hàn. Àwọn aṣojú ìfìwéránṣẹ́ gbogbo ayé ti pinnu láti ṣe àpérò ńlá wọn ní Abidjan ní 2004, ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2002 mú kí wọ́n gbé e lọ sí Bucharest, ní Romania. Air Afrique, ọkọ̀ òfurufú tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jùmọ̀ dá sílẹ̀ ní 1961, wọ gbèsè ó sì kógbá wọlé ní 2002 kan náà. A tún fi àpérò mìíràn sí Abidjan fún 2020, àrùn Kòrónà sì tún dá a dúró. Oṣù Kẹjọ 2021 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣeé ṣe. Ẹni tí ó bá fi àpò lẹ́tà àwọn ọdún wọ̀nyí pamọ́ lè wo ọjọ́ tí lẹ́tà kúrò nílé àti ọjọ́ tí ó dé, kí ó sì ka iye ọjọ́ tí ó wà láàárín wọn. Ìròyìn sọ pé ọ̀nà dí. Òǹtẹ̀ ni yóò sọ bí ó ti dí tó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé Yorùbá gan-an ni ti Èjìgbò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, títí tí èdè Faransé fi di ohun tí a ń gbọ́ ní ọjà Èjìgbò, tí mọ́tò sì ń lọ tààrà láti ibẹ̀ sí Abidjan. Ìwé ìjọba lè sọ pé àwọn àlejò ti Nàìjíríà wá; kì í sọ ti ìyá tí ń retí owó oúnjẹ, tàbí ti àbúrò tí a ránṣẹ́ pè kí ó wá kọ́ òwò. Ní Oṣù Karùn-ún 1968 Côte d'Ivoire gbà pé Biafra jẹ́ orílẹ̀-èdè, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ń bá a jagun. Bí lẹ́tà kan láti Abidjan sí Èjìgbò ní ọdún náà bá ṣì wà nínú àpótí ìyá àgbà kan, ọjọ́ mélòó ni ó lò lójú ọ̀nà? Ìlú wo ni ó yà sí? Ní Oṣù Kọkànlá 1969 ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Lẹ́tà tí a kọ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Kumasi, níbo ni ó forí tì sí? Àpò rẹ̀ nìkan ni ó lè dáhùn.

Àwọn kan yóò wí pé eré ọmọdé ni kíkó ìwé àlòkù jọ, àti pé sítáǹpù àtijọ́ olówó gọbọi ni ó yẹ kí á máa wá. Ó tọ́ kí á dá wọn lóhùn. Àwọn àpò aláràbarà tí a ń tẹ̀ fún títà ní ọjọ́ tí sítáǹpù tuntun bá jáde pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kó wọn jọ, nítorí pé kí a lè tọ́jú wọn ni a ṣe ṣe wọ́n. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogún ọdún ni àpò tí ó ṣe iṣẹ́: ti báǹkì, ti ilé ìwé, ti oníṣòwò tí ń béèrè iye ọjà. Ó ṣọ̀wọ́n nítorí pé gbogbo ènìyàn rí i, gbogbo ènìyàn sì sọ ọ́ nù. Lẹ́tà tí a fi rán awakọ̀ tàbí arìnrìn-àjò kò ní òǹtẹ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí tí fóònù ti gba iṣẹ́ lẹ́tà, tí àwọn ilé iṣẹ́ akówèéránṣẹ́ sì ń lẹ nọ́ńbà dípò sítáǹpù, èyí tí ó kù kò tó nǹkan.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Kí á fi ọ̀bẹ tàbí sáàsì já etí àpò kan, kí á má ṣe fà á ya. Kí á má ṣe lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Kí á tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ tí oòrùn, òjò àti ikán kò lè dé, kí á sì kọ ibi tí a ti rí i sórí ìwé mìíràn. Bí lẹ́tà bá ṣì wà nínú rẹ̀, kí á rántí pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Kí á gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín tàbí ẹbí rẹ̀ kí á tó fi hàn fún ayé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, a bá àróbá, àróbá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rọ́ àróbá a máa kú, a sì máa ṣì ọjọ́ ka. Àpò lẹ́tà kò lè ṣì í, nítorí ọjọ́ náà wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tí akọ̀wé kan ní Zone 4, tàbí ọmọ kan ní Èjìgbò tí ń palẹ̀ yàrá bàbá rẹ̀ mọ́, bá dá ọwọ́ dúró lórí agbọ̀n ìdọ̀tí kí ó tó jù ú nù, ọjọ́ náà ni ẹlẹ́rìí kan yóò bọ́ lọ́wọ́ iná.